Epo Pọ̀ Nílẹ̀, Owó Ò Sí Lápò: Ẹ̀yin Lẹ Bi Wá

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ gan-an, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń bi nǹkan kan náà, pé kí ló dé tí ilẹ̀ tí Ọlọ́run fi epo àti góòlù àti dáyámọ́ǹdì sí nínú fi máa ń kún fún tálákà. Mo mú márùn-ún nínú wọn. Mo gé àwọn tó gùn kúrú díẹ̀, mi ò sì fi orúkọ ẹnikẹ́ni síta.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹja òkú èkó ni mò ń tà ní ọjà Òyìngbò, owó epo tí mò ń rà sí jẹnẹrétọ̀ kí ẹja má bàa bàjẹ́ ti ń lọ sókè ju èrè tí mò ń jẹ lọ. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì wá ń sọ fún mi pé Japan ò ní epo tó nǹkan, Singapore ò tiẹ̀ ní nǹkan kan nínú ilẹ̀, síbẹ̀ àwọn ni wọ́n lówó, àwa tá a ní epo la ò ní. Mo ní irọ́ ni. Ṣé òótọ́ ni? Tó bá jẹ́ òótọ́, kí ló fà á?* – Ìyá Ẹlẹ́ja, Ebute Metta

Ìyá wa, ẹ kú ọjà o, Ọlọ́run á fèrè sí i. Òótọ́ lọmọ yín sọ. Gbogbo epo tí Japan ń lò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òkèèrè ni wọ́n ti ń rà á wá, Singapore ní tiẹ̀, nígbà tó dá dúró lọ́dún 1965, ohun tó ní ò ju èbúté àti èèyàn lọ, omi tí wọ́n ń mu gan-an, ọ̀dọ̀ àwọn ará Malaysia ni wọ́n ti ń fà á wá. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó gbà pé epo ló sọ wá di tálákà, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan pọ̀, torí láti kékeré wa ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé ọlọ́rọ̀ ni Nàìjíríà, ó sì ń dùn mí pé a kì í jókòó ṣírò ẹ̀ wò.

Epo rọ̀bì tí Nàìjíríà ń wà lójúmọ́ láwọn ọdún àìpẹ́ yìí ò fi bẹ́ẹ̀ ju mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ àgbá lọ. Lítà 159 ló wà nínú àgbá kan. Àwa èèyàn tá a wà ní Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 200. Tí wọ́n bá pín gbogbo epo yẹn fún wa lọ́gbọọgba, tí ẹnikẹ́ni ò jí kọ́bọ̀ kan nínú ẹ̀, bíi lítà kan péré ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ká ní 80 dọ́là ni wọ́n ń ta àgbá kan, owó lítà kan yẹn ò ju ààbọ̀ dọ́là lọ, a ò sì tíì yọ owó tí wọ́n fi wà á jáde, a ò tíì yọ ti ilé iṣẹ́ tó bá wa wà á. Norway ńkọ́? Wọ́n ń wà bíi mílíọ̀nù méjì àgbá lójúmọ́, gbogbo èèyàn wọn ò sì tó mílíọ̀nù mẹ́fà, ìyẹn ju lítà 50 lọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ṣé ẹ rí i báyìí? Epo tiwa ò tó ohun tí odindi orílẹ̀èdè lè fẹ̀yìn tì. Àwa lá a fẹ̀yìn tì í.

Bó sì ṣe máa ń pa àwọn iṣẹ́ yòókù rèé. Lọ́dún 1959 wọ́n rí gáàsì rẹpẹtẹ ní Groningen, lórílẹ̀èdè Netherlands. Owó òkèèrè ya wọlé, owó tiwọn wá le sí i, ọjà tí àwọn ilé iṣẹ́ wọn ń ṣe wá wọ́n lójú àwọn ará ìta, wọn ò rà á bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Nígbà tó di 1977 ìwé ìròyìn The Economist fún ọ̀rọ̀ náà lórúkọ, wọ́n pè é ní àìsàn àwọn ará Netherlands. Àwọn yẹn kàn rí àìsàn ni, wọ́n ṣì ní ilé iṣẹ́ tó pọ̀, wọ́n ní ìjọba tó ń gbọ́ràn. Tiwa ló kó wa dé ibi tá a wà yìí.

Ẹ̀yin náà á ti gbọ́ nípa òkè ẹ̀pà tó máa ń wà ní Kano. Nílẹ̀ wa níbí kòkó ni, owó kòkó wà nínú ohun tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ́dún 1955, tí wọ́n fi dá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1959, Ilé Kòkó tó ga yẹn náà, 1965 ni wọ́n parí ẹ̀. Àgbẹ̀ ló ń bọ́ ìjọba, ìjọba sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, tí kòkó bá ní àrùn, wọ́n á wá oògùn sí i. Lẹ́yìn náà, owó epo ròkè ní 1973 sí 1974, ó tó ìlọ́po mẹ́rin iye tó wà tẹ́lẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Náírà le, ó wá rọrùn láti ra ìrẹsì òyìnbó ju kéèyàn gbin tiẹ̀ lọ, ọmọ àgbẹ̀ ju àdá sílẹ̀, ó wọ mọ́tò wá sí Èkó. Lọ́dún 1975 ìjọba ológun ti ra sìmẹ́ǹtì tó bíi mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù láti òkèèrè, èbúté wa ò lágbára àtigba ìdá kékeré nínú ẹ̀, àwọn ọkọ̀ ojú omi tò lọ bẹẹrẹ sójú òkun Èkó níbí, wọ́n ń dúró, ìjọba wá tún ń san owó ìdádúró fún wọn lórí sìmẹ́ǹtì tó ti ń gan sínú ọkọ̀. Owó tí wọ́n ò làágùn fún ni, ìyẹn ni wọ́n ṣe lè ná an báyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé kò síbi tí kì í ti rí bẹ́ẹ̀ o. Indonesia ní epo nígbà kan náà, ológun ló ń ṣàkóso wọn bíi tiwa, Suharto tó jẹ́ ààrẹ wọn àti ẹbí ẹ̀ kówó jẹ gidi. Síbẹ̀ wọ́n mú nínú owó epo yẹn ra ajílẹ̀ fáwọn àgbẹ̀ oko ìrẹsì, wọ́n fi kọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún káàkiri abúlé láti 1973 lọ, nígbà tó sì fi máa di 1984 ìrẹsì tí wọ́n ń gbìn fúnra wọn ti tó wọn jẹ. Owó epo kan náà, àsìkò kan náà.

Àwọn onímọ̀ ti kọ nípa ẹ̀ gan-an. Richard Auty ló sọ ọ́ ní ègún lọ́dún 1993, Jeffrey Sachs àti Andrew Warner náà ṣe ìwádìí jáde lọ́dún 1995, wọ́n ní àwọn orílẹ̀èdè tó jẹ́ pé ohun inú ilẹ̀ ni wọ́n ń tà jù, ọrọ̀ ajé wọn ò fi bẹ́ẹ̀ dàgbà láti 1970 bíi ti àwọn yòókù. Àwọn míì jiyàn, wọ́n ní kí ló dé tí Amẹ́ríkà, Canada àti Australia fi là pẹ̀lú èédú àti irin àti góòlù inú ilẹ̀ wọn? Èmi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń jiyàn yẹn. Kì í ṣe níní ló ń pani, gbígbára lé nǹkan kan ṣoṣo ni, àti ẹni tí owó yẹn sọ ìjọba dà.

Ibi tó ká mi lára jù nìyẹn, ìyá wa. Ẹ wo ẹgbẹ́ ọlọ́jà yín. Owó tẹ́ ẹ̀ ń dá ni wọ́n fi ń ṣètò ọjà, ìdí nìyẹn tó jẹ́ pé tí gọ́tà bá dí, ẹ lè lọ bá ìyálọ́jà lójúkojú kẹ́ ẹ sì bínú sí i. Ká ní ẹnì kan ń kó owó fún un láti ìta lóṣooṣù, tó jẹ́ pé bẹ́ ẹ tajà bẹ́ ẹ ò tà, owó tiẹ̀ ń wọlé, ṣé ó ṣì máa jáde wá wo gọ́tà? Ìjọba tó ń jẹun láti inú páìpù epo, ẹja yín ì báà bàjẹ́, kò dín nǹkan kan kù lábọ́ tiẹ̀. Kò nílò kẹ́ ẹ jèrè. Kí iná wà láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di alẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyè àti ikú fún un bó ṣe jẹ́ fún yín.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Àgbádárìgì ni mí, Bariga ni mò ń gbé, mò ń wa kẹ̀kẹ́. Mo gbọ́ pé lọ́dún 2016 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà epo lápá ọ̀dọ̀ wa, Èkó náà ti di ìpínlẹ̀ elépo. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n sáré lọ ra ilẹ̀ sílé torí ibẹ̀ máa dà bíi Dubai. Kí lẹ rí sí i?* – Ọmọ Àgbádárìgì

Àbúrò mi, òótọ́ ni. Aje ni wọ́n ń pe ibi tí wọ́n ti wà á, inú òkun ló wà, oṣù May 2016 lepo kọ́kọ́ jáde níbẹ̀. Tó o bá fẹ́ kọ́lé sílé, ra ilẹ̀, ó dáa. Ṣùgbọ́n má fi ti epo rà á. Epo inú òkun, inú òkun níbẹ̀ ni ọkọ̀ ti máa ń gbé e lọ, kì í gba ẹnu ọ̀nà bàbá ẹ kọjá, iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ò sì pọ̀, àwọn tó kọ́ ọ ni wọ́n máa ń gbà.

Òfin orílẹ̀èdè wa sọ pé ó kéré tán ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún owó epo gbọ́dọ̀ padà sí ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti wà á. Bayelsa ń gba tiẹ̀. Bayelsa ni Oloibiri wà, ibi tí Shell-BP ti kọ́kọ́ rí epo tó ṣeé tà lọ́dún 1956. Nígbà tí NBS, àjọ ìjọba tó ń ka iye nǹkan, ṣe ìwádìí nípa òṣì jáde lọ́dún 2022, wọ́n ní mílíọ̀nù 133 ọmọ Nàìjíríà ni òṣì ń bá jà lóríṣiríṣi ọ̀nà, tá a bá wá wo ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, Bayelsa ju 85 lọ nínú ọgọ́rùn-ún, Èkó ò sì tó 30. Jọ̀ọ́, tún un kà. Ìpínlẹ̀ tí epo ti bẹ̀rẹ̀ ló ní òṣì tó tó ìlọ́po mẹ́ta ti ìpínlẹ̀ tó ń fi èbúté àti ọjà àti owó orí jẹun.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo ọmọ Àgbádárìgì tí mo bá bá pàdé pé kí wọ́n lọ ka ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ogoni. Àwọn èèyàn yẹn ní kí wọ́n tún ilẹ̀ àwọn ṣe, kí wọ́n fún àwọn nínú owó epo, ìjọba Abacha yẹgi fún Ken Saro-Wiwa àtàwọn mẹ́jọ míì ní November 1995. Ìgbà tí àjọ UN tó ń rí sí àyíká wá lọ wo ilẹ̀ náà, tí wọ́n gbé ìwádìí wọn jáde lọ́dún 2011, omi kànga táwọn ará àdúgbò kan ń mu ní kẹ́míkà benzene tó ju ìwọ̀n tí àjọ WHO fàyè gbà lọ ní ìlọ́po 900, wọ́n ní fífọ ilẹ̀ àti omi ibẹ̀ mọ́ lè gbà tó ọdún 25 sí 30. Apẹja làwọn èèyàn yín. Kí epo tó dà sómi ni kẹ́ ẹ ti máa béèrè pé ta ló máa fọ̀ ọ́, àti pé ta ló máa sanwó àwọ̀n tó bàjẹ́.

Ti Dubai yẹn, ṣé o mọ̀ pé epo Dubai ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Abu Dhabi? 1966 ni wọ́n rí i, wọ́n sì mọ̀ pé kò ní pẹ́ tán, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe sáré fi kọ́ èbúté, Jebel Ali bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1979. Ìmọ̀ pé kò ní tó wọn ló gbà wọ́n. Èbúté Lekki tí wọ́n ṣí lọ́dún 2023, mo rò pé yóò ṣe Èkó lóore ju Aje lọ.

*Ọ̀rẹ́ mi, gbogbo bẹ́ ẹ ṣe ń sọ ọ́ yìí, ẹ ò dárúkọ òyìnbó. Mo ti ṣiṣẹ́ ìjọba fẹ̀yìn tì, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Òyìnbó ló kó ohun ìní wa lọ. Malaysia gan-an wá gba ẹkùrọ́ lọ́wọ́ wa lẹ́yìn òmìnira, òun ló wá ń ta epo pupa fún gbogbo ayé báyìí. Ẹ fi òótọ́ síbẹ̀.* – Bàbá Àgbà, Surulere

Ẹ kú àtijọ́ sà, ẹ ṣé tẹ́ ẹ kọ̀wé sí wa. Ẹjọ́ yín lórí òyìnbó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ dáadáa. Kóńgò ni kẹ́ ẹ wò. Leopold ọba Belgium sọ odindi ilẹ̀ yẹn di tiẹ̀ láti 1885 títí di 1908, torí rọ́bà ni wọ́n fi ń gé ọwọ́ èèyàn. Nígbà tí wọ́n gba òmìnira ní 1960, agbègbè Katanga tí bàbà pọ̀ sí ló kọ́kọ́ fẹ́ yapa, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti pa Lumumba, olórí ìjọba wọn àkọ́kọ́, ní January 1961, ìjọba Belgium fúnra ẹ̀ tọrọ àforíjì lórí ipa tiwọn nínú ẹ̀ lọ́dún 2002. Lónìí, nínú cobalt tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì fóònù àti mọ́tò, bíi ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ti ayé, Kóńgò ló ti ń wá, ọmọdé sì ń wọ ihò wà á. Mi ò lè sọ pé òyìnbó ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Àmọ́ Mobutu tó lo ọdún 32 lórí oyè, ọmọ Kóńgò ni.

Ti Malaysia, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, gbogbo wa ni wọ́n sọ ìtàn yẹn fún, kò rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́ Áfíríkà lọ̀pẹ yẹn ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́dún 1917 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín fún òwò ní Malaysia, ó ju 40 ọdún lọ kí àwa tó gbòmìnira. Ohun tí wọ́n ṣe tá ò ṣe ni pé wọn ò fi oko sílẹ̀ nígbà tí epo rọ̀bì tiwọn náà jáde.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ti Botswana, torí ó máa ń wú mi lórí. Nígbà tí wọ́n gbòmìnira ní 1966, títì ọlọ́dà tí wọ́n ní lórílẹ̀èdè yẹn ò ju kìlómítà 12 lọ, àwọn tó ti parí yunifásítì ò ju 22 lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọ́n rí dáyámọ́ǹdì ní Orapa. Ààrẹ wọn, Seretse Khama, ọmọ ọba Bangwato ni, ó sì lè sọ pé tìdílé òun ni ohun tó wà nínú ilẹ̀ àwọn, ṣùgbọ́n òfin tí wọ́n ṣe ní 1967 sọ ohun inú ilẹ̀ di ti gbogbo orílẹ̀èdè. De Beers ni ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń wà á. Ìpín 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìjọba kọ́kọ́ ní, wọ́n padà lọ bá wọn jókòó, wọ́n bá wọn fà á títí ó fi di ààbọ̀ ààbọ̀ láàárín 1970 sí 1980. Wọ́n fi owó yẹn ṣe títì, wọ́n fi kọ́ ilé ìwé, wọ́n sì da iye kan sínú àpò tí wọ́n ń pè ní Pula láti 1994. Kò pé o, àìríṣẹ́ṣe pọ̀ níbẹ̀, àlàfo tó wà láàárín olówó àti tálákà wọn fẹ̀ gan-an, tí dáyámọ́ǹdì ò bá sì tà, ara wọn kì í balẹ̀. Ṣùgbọ́n òyìnbó ló bá wọn wà á, wọ́n sì rí nǹkan kan mú bọ̀.

*Ẹ kú iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ Unilag ni mí. Alaska, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, máa ń pín owó epo sí àkáǹtì àwọn ará ìlú. Kí ló dé tí Nàìjíríà ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí olúkúlùkù gba tiẹ̀?* – Akoka

Láti 1982 ni Alaska ti ń pín in, lọ́dún 2022 ó ju 3,000 dọ́là lọ fún ẹnì kan. Èèyàn wọn ò sì tó mílíọ̀nù kan. Lítà kan tá a ṣírò lókè yẹn ni tìẹ, àbúrò, yọ ìnáwó kúrò, kò ní tó owó ọkọ̀ láti Akoka dé Yábàá. Ohun tó dáa nínú ti Alaska ni pé gbogbo èèyàn ló ń ṣọ́ àpò náà torí gbogbo èèyàn ló mọ iye tó yẹ kó kàn án. Norway ò pín in fún ẹnikẹ́ni, wọ́n ṣòfin ní 1990 pé kí wọ́n dá àpò kan sílẹ̀ tí wọ́n á máa fi owó epo pamọ́ sí, wọ́n kọ́kọ́ fowó sí i ní 1996, ìjọba ò sì gbọ́dọ̀ máa ná ju bíi ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ lọ lọ́dún, ó ti ju tírílíọ̀nù kan dọ́là lọ láti 2017. Àwa náà dá tiwa sílẹ̀ lọ́dún 2004, Excess Crude Account, àpò tí wọ́n ń kó owó epo tó bá lé sí, ó tó bíi bílíọ̀nù 20 dọ́là nígbà tí 2008 ń parí lọ. Nígbà tó di 2023, iye tó kù níbẹ̀ ò tó mílíọ̀nù kan dọ́là. Àwọn gómìnà àti ìjọba àpapọ̀ ló pín in tán. Wọ́n ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá ẹ̀ délé, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ ni wọ́n gbé igbá yìí rù.

*Ṣé nǹkan kan wà tí èèyàn kékeré bíi tèmi lè ṣe sí i? Télọ̀ ni mí ní Ìsàlẹ̀ Èkó.*

Ó wà. Lóṣooṣù ni wọ́n ń pín owó ìjọba àpapọ̀ l'Abuja, iye tó kan ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti lókà gọ́fúmẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan máa ń jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù lè bá yín wò ó. NEITI, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ owó epo àti ohun inú ilẹ̀, náà máa ń kọ iye tí àwọn ilé iṣẹ́ epo san àti iye tí ìjọba ní òun gbà. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ti dájọ́ ní July 2024 pé tààrà ni kí owó lókà gọ́fúmẹ́ǹtì máa dé ọ̀dọ̀ wọn. Torí náà ẹ kó ara yín jọ nínú ẹgbẹ́ télọ̀, ẹ wo iye tó wọlé fún lókà yín lóṣù tó kọjá, ẹ kọ lẹ́tà sí alága, ẹ bi í pé kí ni wọ́n fi ṣe ní àdúgbò yín, ẹ ní kó fèsì sínú ìwé. Ẹ ṣe ẹ̀dà ẹ̀ pamọ́. Tí wọ́n bá dá yín lóhùn, tàbí tí wọn ò dá yín lóhùn, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, a máa tẹ̀ ẹ́ síbí lóṣù tó ń bọ̀.